Kí Ọmọ Kẹ́kọ̀ọ́ Lórí Fóònù Láìpa Ojú Rẹ̀ Lára

Ní ìparí oṣù Kẹta ọdún 2020, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ pàṣẹ ìsémọ́lé ní Àbújá nítorí àrùn Kòrónà, àwa olùkọ́ kan ní Kubwa kó iṣẹ́ wa sórí WhatsApp, nítorí pé fóònù bàbá tàbí ti ìyá nìkan ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ wa lè rí lò. Láti ìgbà náà ni àwọn òbí ti ń bi mí pé wákàtí mélòó ló yẹ kí ọmọ máa lò nídìí fóònù. Ní ti ọmọ ọdún méjì sí mẹ́rin, Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ ọ́ ní ọdún 2019 pé kò gbọdọ̀ ju wákàtí kan lọ lójúmọ́. Ṣùgbọ́n ní ti ọmọ tó ti ń lọ sílé-ìwé, ohun tó ń fi fóònù ṣe ni mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Ẹ jẹ́ ká wo ọmọ ọdún mẹ́jọ tí olùkọ́ ya ojú-ìwé ìṣirò ránṣẹ́ sí. Àwòrán náà ṣókùnkùn lápá kan. Ọmọ náà ń fi ìka méjì fẹ̀ ẹ́, ó ń tì í sọ́tùn-ún, ó ń tì í sósì kí ó lè rí ìparí ìlà, títí fóònù fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan imú rẹ̀. Bí nǹkan bá ti sún mọ́ ojú tó báyìí, iṣan inú ẹyinjú kì í sinmi. Ẹni tó bá sì tẹjú mọ́ fóònù kì í ṣẹ́jú tó bó ṣe yẹ, ojú á gbẹ, á sì máa ta á. Ẹ bá a da ìbéèrè náà kọ sínú ìwé, kí ẹ sì gba fóònù yín.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ohùn tí a gbà sílẹ̀ ló wù mí jù nínú gbogbo ohun tí WhatsApp ní: ọmọ á ṣí ìwé rẹ̀, á máa gbọ́ àlàyé wa, kò sì ní wo fóònù rárá, bẹ́ẹ̀ ni kì í jẹ dátà bíi fídíò. Ní ti kíláàsì orí fídíò, Zoom ọ̀fẹ́ máa ń já lẹ́yìn 40 ìṣẹ́jú, àmọ́ lójú tèmi, 20 ti tó fún ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn 20 ìṣẹ́jú náà, kí ó gbójú sókè, kí ó wo ohun tó jìnnà tó mítà mẹ́fà, ó kéré tán fún ìṣẹ́jú àáyá 20.

Ìta gbangba tún ṣe pàtàkì. Ìwádìí ti fi hàn pé ọmọ tó ń pẹ́ níta lójú ọ̀sán kì í tètè ní ìṣòro àìrí ọ̀ọ́kán. Oòrùn Àbújá mú, nítorí náà ẹ jẹ́ kí wọ́n jáde láàárọ̀ tàbí ní ìrọ̀lẹ́, kí wọ́n ṣeré nínú ọgbà ilé.

Iṣẹ́ alẹ́ ló nira jù, torí pé nígbà mìíràn, alẹ́ ni iná ń dé, alẹ́ náà sì ni òbí ń gbé fóònù bọ̀ láti ibi iṣẹ́. Ìmọ́lẹ̀ fóònù máa ń lé oorun lọ, nítorí náà ẹ jẹ́ kí ọmọ fi í sílẹ̀ ní wákàtí kan kí ó tó sùn. Kí olùkọ́ sì fún un láyè láti fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, láìgé máàkì rẹ̀.