Ta ló gbé ọgbà Édẹ́nì lọ sí Mars?

Bí ẹnì kan bá ti fi àwòrán Mars tó pupa fòò sórí WhatsApp, kì í pẹ́ tí ẹlòmíì á fi fèsì pé ibẹ̀ gan-an ni ọgbà Édẹ́nì wà tẹ́lẹ̀. Wọ́n á ní àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ló ba ilé ara wọn jẹ́, ni wọ́n bá sá wá sí ayé, àti pé ìdí rèé tí Bíbélì fi ní wọ́n lé Ádámù àti Éfà jáde, tí Àlùkùránì náà sì ní wọ́n ní kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Àwọn kan ní kì í ṣe Mars, Venus ni. Àwọn mìíì á dárúkọ pílánẹ́ẹ̀tì kan tí ojú ẹnikẹ́ni ò rí rí, wọ́n ní Nibiru ló ń jẹ́. Gbogbo wọn ló máa ń parí ẹ̀ pé ìmọ̀ àtayébáyé ni, pé ṣe ni wọ́n fi pamọ́ fún wa.

Kò sí òótọ́ ńbẹ̀. Kò tiẹ̀ tún gbó. Ìtàn ọgbà Édẹ́nì ti lé ní ẹgbẹ̀rún méjì ọdún. Èyí tó wà lórí Mars, ọmọ àná ni. A lè tọ ipasẹ̀ ẹ̀ lọ́dọọdún dé ọ̀dọ̀ ẹni tó gbé e débẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ka ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Jẹ́nẹ́sísì orí kejì ò fi àdírẹ́sì pamọ́. Ó ní odò kan ń ti Édẹ́nì ṣàn, ó sì yà sí mẹ́rin: Písónì, Gíhónì, Hídẹ́kẹ́lì àti Yúfírétì. Méjì nínú wọn ṣì ń ṣàn lónìí. Hídẹ́kẹ́lì ni ayé ń pè ní Tigris. Òun àti Yúfírétì jọ ti orí òkè ilẹ̀ Tọ́kì ṣẹ̀, wọ́n ń ṣàn bọ̀ títí wọ́n fi pàdé ara wọn ní gúúsù Ìráàkì, kí wọ́n tó jọ wọ òkun. Bíbélì kan náà dárúkọ Ásíríà mọ́ Hídẹ́kẹ́lì. Nígbà tí Káínì pa àbúrò rẹ̀, ilẹ̀ Nódì ló sá lọ, ní ìlà-oòrùn Édẹ́nì, ibẹ̀ ló ti bímọ tó sì tẹ ìlú dó. Ẹni tó bá fẹ́ gbé Édẹ́nì lọ sí Mars á gbé Ìráàkì dání. Inú ọgbà ni wọ́n ti lé Ádámù, wọn ò lé e kúrò nínú ayé: ilẹ̀ tí a ti mú un jáde wá náà ni wọ́n ní kó lọ máa ro.

Ti Àlùkùránì, ọ̀rọ̀ “ẹ sọ̀ kalẹ̀” yẹn ló máa ń dà bíi pé ó gbè sẹ́yìn àwọn tó ń pín ìtàn Mars yìí kiri. Àwọn onímọ̀ Ìsìláàmù ti fa ọ̀rọ̀ náà tipẹ́tipẹ́. Èyí tó pọ̀ nínú wọn ní Àlùjánnà tí à ń retí náà ni. Àwọn kan ní ọgbà kan ni lórí ilẹ̀ ayé yìí, níbi gíga. Ibn al-Qayyim, tó kú ní ọdún 1350, to ẹ̀rí ìhà méjèèjì sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ kà á. Nínú ìhà méjèèjì, kò sí èyí tó ń sọ̀rọ̀ pílánẹ́ẹ̀tì.

Báwo wá ni ọgbà ṣe gòkè? Kò gòkè lẹ́ẹ̀kan náà. Àwòrán ayé ńlá kan wà ní ṣọ́ọ̀ṣì àgbà Hereford nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nǹkan bí ọdún 1300 ni wọ́n yà á. Òkè pátápátá níbi tí ìlà-oòrùn wà ni Édẹ́nì wà lórí ẹ̀, lórí erékùṣù róbótó kan. Ní 1498, Christopher Columbus dé ẹnu odò Orinoco ní gúúsù Amẹ́ríkà. Omi tí kò níyọ̀ tó ń ya wọ òkun níbẹ̀ pọ̀ gan-an, ló bá kọ̀wé sí ọba àti olorì Sípéènì pé òun gbà pé ìtòsí Párádísè lòun wà. Ní 1885, William Warren, tó jẹ́ ààrẹ àkọ́kọ́ Yunifásítì Boston, kọ odidi ìwé láti fi hàn pé góńgó àríwá ayé ni ọgbà náà wà, àárín yìnyín. Lásìkò yẹn, ẹsẹ̀ ẹnì kankan ò tíì tẹ ibẹ̀. Ibi tí ojú ò bá tíì tó ni Édẹ́nì máa ń ṣí lọ. Nígbà tí wọ́n rin ilẹ̀ tán, ó ku ojú sánmà.

Mars ló sì ti ṣe tán láti gbà á. Ní 1877, ará Ítálì kan, Giovanni Schiaparelli, wo Mars nínú awò-awọ̀nàjíjìn ní Milan, ó sì ya àwọn ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tó gba ara ẹ̀ kọjá. Percival Lowell, ọlọ́rọ̀ kan láti Boston, fowó ara ẹ̀ kọ́ ilé awò sí Flagstaff ní Arizona ní 1894, ó sì kéde pé odò tí wọ́n fọwọ́ gbẹ́ ni àwọn ìlà náà. Ó ní Mars ti ń gbẹ, pé àwọn ará ibẹ̀ ló ń fa omi yìnyín láti góńgó pílánẹ́ẹ̀tì wọn wá sí oko. Ìtàn náà dùn, mi ò lè purọ́. Ọgbà tó ń kú, àgbẹ̀ tí omi ń tán mọ́ lọ́wọ́: bóyá Lowell fura tàbí kò fura, Édẹ́nì ló ń sọ.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ náà ti parí ní 1903. Edward Maunder, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé awò ìjọba ní Greenwich, lọ bá ọ̀gá ilé-ìwé kan níbẹ̀. Wọ́n ya Mars róbótó sórí ìwé, wọ́n gbé e kọ́ iwájú kíláàsì, wọ́n ní kí àwọn ọmọkùnrin tó jókòó ya ohun tí wọ́n bá rí. Ìlà kankan ò sí lára àwòrán náà, àmì tó-tò-tó àti àbàwọ́n wúruwùru ló wà níbẹ̀. Àwọn tó jókòó síwájú ya àmì wọ̀nyẹn bó ṣe wà. Nínú àwọn tó jókòó jìnnà díẹ̀, ọ̀pọ̀ ló fa ìlà, ó tọ́, ó tẹ́ẹ́rẹ́, bíi ti Lowell gẹ́lẹ́. Kò sẹ́ni tó sọ fún wọn pé odò ni kí wọ́n wá. Ojú tí kò bá lè ya àmì kéékèèké sọ́tọ̀ á so wọ́n pọ̀ ni.

Síbẹ̀ odò Lowell ò gbẹ. Ní 1960, ọmọ ìdílé ọlọ́lá kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Brinsley Le Poer Trench, tẹ ìwé jáde. Ó ní odò Édẹ́nì bí Bíbélì ṣe ṣàpèjúwe ẹ̀ jọ odò àgbẹ́, kò jọ odò ilẹ̀ ayé. Ibi tí odò àgbẹ́ sì wà ni Mars. Nítorí náà, Mars ni Édẹ́nì. Ádámù, Éfà, Nóà, gbogbo wọn ló kó lọ síbẹ̀. Ó ní yìnyín góńgó Mars ló yọ́ tí àwọn ọmọ Ádámù fi kó wá bá wa níhìn-ín. Ọkùnrin yìí padà di ọmọ ilé ìgbìmọ̀ àwọn ọlọ́lá ní London, ó sì mú kí wọ́n jókòó jiyàn lórí àwo tó ń fò níbẹ̀ ní oṣù Kìíní 1979! Ìtàn rẹ̀ gan-an lẹ̀ ń wò lórí WhatsApp, orúkọ ẹni tó kọ ọ́ ló kàn já sọ́nà.

Ọdún márùn-ún lẹ́yìn ìwé yẹn, ní oṣù Keje 1965, ọkọ̀ Mariner 4 ti Amẹ́ríkà gba ẹ̀gbẹ́ Mars kọjá, ó ya àwòrán tó lé ní 20. Ọ̀nà jìn, nǹkan bíi wákàtí mẹ́jọ ni àwòrán kan ń lò kó tó dé tán, nọ́ńbà ló sì ń dé bí. Àwọn ẹnjiníà ní California ò ní sùúrù kí kọ̀ǹpútà parí iṣẹ́. Wọ́n lẹ ìwé nọ́ńbà náà mọ́ ara pákó, wọ́n wá ṣọ́ọ̀kì aláwọ̀, wọ́n ń fọwọ́ kùn ún ní nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan. Àwọn àwòrán tí wọ́n rí gbà ò ní odò, kò ní oko. Ihò ràgàjì lórí ihò ràgàjì bíi ti òṣùpá ni, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ò sì tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún tiwa.

Ti “ojú èèyàn” tí wọ́n ní ó wà lórí Mars kò gba àlàyé púpọ̀. Ọkọ̀ Viking 1 ti Amẹ́ríkà ló ya á ní oṣù Keje 1976, nígbà tí òjìji bo ẹ̀gbẹ́ òkè kan tó fi wá dà bí ojú. Ọkọ̀ Mars Global Surveyor tún un yà ní 1998 àti 2001, òkè lásán ló jẹ́. Venus ńkọ́? Ìkùukùu bò ó, ni wọ́n bá rò pé ẹrẹ̀ àti igbó ló wà lábẹ́ ẹ̀. Ìgbà tí ọkọ̀ àwọn ará Rọ́ṣíà, Venera 7, balẹ̀ síbẹ̀ ní 1970, iná ló bá. Ooru ibẹ̀ ń lọ sí 465°C, ó tó yọ́ òjé.

Ti Nibiru burú jù, torí pé ó gbọ́n jù: kò sẹ́ni tó lè rán ọkọ̀ lọ síbi tí kò sí. Òǹkọ̀wé kan, Zecharia Sitchin, ló gbé e jáde ní 1976, ó ní àwọn ẹ̀dá kan tó pè ní Anunnaki ti ibẹ̀ wá wa wúrà láyé, wọ́n dá èèyàn láti fi ṣe lébìrà, àti pé 3,600 ọdún ni pílánẹ́ẹ̀tì náà fi ń yí oòrùn po. Nibiru wà nínú ìwé amọ̀ àwọn ará Bábílónì lóòótọ́, òrìṣà wọn Marduk àti pílánẹ́ẹ̀tì Júpítà ni wọ́n máa ń so ó mọ́. Ọ̀rọ̀ 3,600 ọdún àti ilé Anunnaki, Sitchin ló fi kún un. Bí nǹkan tó tó pílánẹ́ẹ̀tì bá ń gba àárín wa kọjá lọ́nà bẹ́ẹ̀, ipa ọ̀nà ayé àti Mars ì bá ti dàrú tipẹ́.

Àwa náà ti ń bá wọn dá sí i. Mo ti rí àwọn tó ń sọ pé rọ́kẹ́ẹ̀tì ni ẹ̀wọ̀n tí Odùduwà fi rọ̀ wá sí Ilé-Ifẹ̀. Ṣé wọ́n tiẹ̀ gbọ́ ìtàn náà délẹ̀? Iyẹ̀pẹ̀ ló wà lọ́wọ́ ẹni tó ń bọ̀, pẹ̀lú àkùkọ ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún tó máa tan ilẹ̀ ká lórí omi. Kò sí ọgbà tó bàjẹ́ lẹ́yìn wọn, wọn ò sá fún nǹkan kan. Ilẹ̀ ni wọ́n wá dá.

Ohun kan ṣoṣo ló ń fún ìtàn Mars lẹ́sẹ̀: omi ti wà níbẹ̀ rí. Ọkọ̀ Curiosity, tó balẹ̀ sínú kòtò Gale ní 2012, rí ẹrẹ̀ adágún tó ti di òkúta. Perseverance, tó dé kòtò Jezero ní 2021, bá ibi tí odò ti kó iyanrìn jọ sí. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọdún. Omi yẹn ti lọ ní nǹkan bí 3.5 bílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Agbára òòfà tó ń dáàbò bo Mars ti kọ́kọ́ kú, oòrùn sì ń bó afẹ́fẹ́ ẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀. Lórí ilẹ̀ ayé pàápàá nígbà náà, igi ò sí, ẹja ò sí, àwọn ẹ̀dá tín-tìn-tín tí ojú lásán ò lè rí nìkan ló wà. Egungun èèyàn bíi tiwa tó pẹ́ jù tí wọ́n tíì rí wá láti Jebel Irhoud ní Mòrókò, ó tó nǹkan bí 300,000 ọdún. Lọ́dún tí Mariner 4 kọjá lára Mars náà ni awalẹ̀pìtàn Thurstan Shaw hú egungun èèyàn kan jáde ní Ihò Eléérú, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó níbí, tó ti wà nínú ilẹ̀ fún nǹkan bí 13,000 ọdún. Ẹni tó bá kúrò ní Mars nígbà tí omi tán ti pẹ́ lójú ọ̀nà ju bílíọ̀nù mẹ́ta ọdún lọ.

Ẹ̀rí tó sì tún lágbára jù wà nínú ara wa. Ọ̀nà kan náà ni sẹ́ẹ̀lì èèyàn, ti iṣu, ti eṣinṣin àti ti kòkòrò àìsàn gbà ń ka ohun tó wà nínú DNA wọn. Bí Ádámù bá jẹ́ àlejò láti Mars, iṣu àti eṣinṣin náà jọ bá a wọkọ̀ ni.

Nǹkan kan wà tó ti Mars wá lóòótọ́, Nàìjíríà ló sì já sí. Ní oṣù Kẹwàá 1962, àgbẹ̀ kan ń lé ẹyẹ nínú oko àgbàdo ní Zagami, lágbègbè Katsina, nígbà tí òkúta tó wúwo tó nǹkan bíi kílò 18 já láti ojú sánmà, tó sì wọlẹ̀ nítòsí ẹsẹ̀ ẹ̀. Gáàsì tó há sínú irú òkúta bẹ́ẹ̀ bá afẹ́fẹ́ tí Viking wọ̀n lórí Mars mu. Wọ́n bù lára òkúta Zagami sínú Mars Global Surveyor, ọkọ̀ tó tú àṣírí “ojú èèyàn” yẹn, wọ́n dá a padà lọ sókè Mars.

Irú òkúta yìí ló mú kí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì máa béèrè bóyá ẹ̀dá tín-tìn-tín lè bá òkúta rìn láti pílánẹ́ẹ̀tì kan sí òmíràn. Ní 2013, Steven Benner, onímọ̀ kẹ́mísírì ará Amẹ́ríkà, sọ pé ó ṣeé ṣe kí ìwàláàyè ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ lórí Mars, nítorí pé àwọn èròjà kan tó nílò lè ti wà níbẹ̀ ju ibí lọ. Àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ kan gbà, àwọn kan ò gbà. Ṣùgbọ́n ẹ̀dá tí ojú lásán ò lè rí lòun ń sọ, kì í ṣe tọkọtaya nídìí igi. Ohun tí Perseverance ń wá ní Jezero náà nìyẹn. Ó ń gbẹ́ òkúta, ó ń dì í sínú ọ̀pá kéékèèké, kó lè jẹ́ pé ọkọ̀ tó bá lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ iwájú á kó o wálé fún àyẹ̀wò.