Áńtí-pátì: Orúkọ Tí Ó Yẹ Kí A Pè É, àti Ohun Tí Kò Sí Nínú Rẹ̀

Bí ìbò bá ti ń súnmọ́lé, ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í wọ́n lẹ́nu àwọn agbóhùnsáfẹ́fẹ́: áńtí-pátì, tí wọ́n yá láti inú 'anti-party' ti Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n lé lágbájá kúrò nínú ẹgbẹ́ nítorí áńtí-pátì. Wọ́n ní kí tàmẹ̀dò lọ rọ́kún nílé ná nítorí áńtí-pátì. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí mọ bí ẹgbẹ́ òṣèlú ṣe ń rìn láti wọ́ọ̀dù dé Àbújá, nítorí náà n kò ní fi àkókò ṣòfò lórí ìyàtọ̀ tó wà láàrin kí wọ́n dá ènìyàn dúró àti kí wọ́n lé e pátápátá. Lójú ẹni tí wọ́n ṣe é fún, ọ̀kan náà ni. Ẹ̀sùn náà gan-an ni mo fẹ́ tú palẹ̀, pẹ̀lú orúkọ tí ó yẹ kí a máa pè é ní èdè wa.

Orúkọ tí èmi yàn fún un ni ìṣiṣẹ́-fún-alátakò. Ohun tí ó jẹ́ ni pé kí ènìyàn wà nínú ẹgbẹ́ kan, kí ó ṣì máa jẹ orúkọ ẹgbẹ́ náà, kí ó sì máa lo ipò, owó, ọmọlẹ́yìn tàbí àṣírí tí ó ní níbẹ̀ láti mú kí ẹgbẹ́ mìíràn borí tirẹ̀. Nǹkan mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ pé: ó ṣì jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́, ó ṣe iṣẹ́ kan tí a lè nàka sí, ẹgbẹ́ mìíràn ló sì jẹ àǹfààní iṣẹ́ náà. Bí ọ̀kan bá yẹ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ̀sùn yẹ̀.

Àwọn akọ̀ròyìn kan fẹ́ràn láti máa pè é ní ìwà ọ̀dàlẹ̀. Mo mọ ìdí rẹ̀: ó kúrú, ó sì ń mú kí olùgbọ́ naró. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn kì í dá wá. Àwọn àgbà ti ṣèdájọ́ rẹ̀ tipẹ́ pé ẹni tó bá dalẹ̀ yóò bá ilẹ̀ lọ. Ẹni tí ìròyìn aago méje àárọ̀ bá ti pè ní ọ̀dàlẹ̀, kí ni ìgbìmọ̀ ìbáwí tí yóò jókòó ní aago mẹ́wàá tún fẹ́ gbọ́ lẹ́nu rẹ̀? Orúkọ ẹ̀sùn yẹ kó sọ ohun tí wọ́n ní ẹni náà ṣe. Irú ènìyàn tí ó jẹ́, kí àwọn tó gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ sọ ìyẹn tí wọ́n bá gbọ́ ọ tán.

Àwọn kejì, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn mọ èdè dáadáa, a máa pè é ní ìwà tó lòdì sí ẹgbẹ́. Àwọn wọ̀nyí ló ń bí mi nínú jù, nítorí pé gírámà kò lè bá wọn wí, síbẹ̀ kò sí ohun tí kò lè wọ inú ìtumọ̀ wọn. Kí ni kò lòdì sí ẹgbẹ́ lójú olórí tí inú ń bí? Ẹni tí kò san owó oṣù rẹ̀ lòdì sí ẹgbẹ́. Ẹni tó bi akápò bí owó fọ́ọ̀mù ṣe rìn lòdì sí ẹgbẹ́. Obìnrin tó dìde ní ìpàdé wọ́ọ̀dù, tó ní ẹni tí ẹ ń ka orúkọ rẹ̀ bí aṣojú yìí, àwa kọ́ la dìbò yàn án, òun náà lòdì sí ẹgbẹ́. Kò sì pẹ́ tí 'lòdì sí ẹgbẹ́' fi máa ń di 'lòdì sí olórí ẹgbẹ́', bẹ́ẹ̀ olórí lè yí padà lọ́la kí ẹgbẹ́ ṣì wà níbi tó wà.

Àwọn kẹta ní kí a fi áńtí-pátì sílẹ̀ bó ṣe wà, pé ará ọjà pàápàá ti mọ̀ ọ́n. N kò bá wọn jà púpọ̀, torí a ń pe mọ́tò ní mọ́tò, ilé kò sì wó. Àmọ́ mọ́tò wà ní títì, gbogbo ojú ló ń rí i. Ẹ bi àwọn tó ń pe áńtí-pátì lójoojúmọ́ ohun tí ó jẹ́, wọn yóò ní nǹkan burúkú kan ni wọ́n fi ń lé ènìyàn nínú ẹgbẹ́. Ìyẹn kì í ṣe ìtumọ̀, ìbẹ̀rù ni.

Ìdí tí mo fi di 'iṣẹ́' mú ni pé iṣẹ́ máa ń ní ẹlẹ́rìí. Bí ẹnì kan bá ní Lágbájá ṣiṣẹ́ fún alátakò, ìbéèrè tó kàn yọjú fúnra rẹ̀: iṣẹ́ wo? Níbo? Alátakò wo? Ẹni tó fẹ̀sùn kàn án ni yóò dáhùn. Owó tí ó fi ránṣẹ́, ìpolongo tí ó bá wọn lọ, aṣojú ẹgbẹ́ tí ó ní kó má yọjú sí ibùdó ìdìbò, iṣẹ́ ni gbogbo ìwọ̀nyẹn. Ọ̀rọ̀ tí ó sọ nípa bí olórí ẹgbẹ́ ṣe ń ṣe kò sí lára wọn. Ìyẹn ní orúkọ tirẹ̀, àríwísí abẹ́lé, yálà ó dùn létí tàbí kò dùn.

Ẹ jẹ́ kí n fi eégún ṣàpèjúwe. Lọ́jọ́ ọdún, ẹni tó wà nínú ẹ̀kú kò rí ju ohun tí àwọ̀n ojú rẹ̀ bá jẹ́ kó rí lọ, ìlù sì ti gba etí rẹ̀ kan. Atọ́kùn ló ń bá a rìn. Bí aṣọ bá sún sókè lẹ́yìn, tí gìgísẹ̀ fẹ́ máa hàn, atọ́kùn á súnmọ́ ọn, á fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ fún un, á sì fi ara bo ibẹ̀ títí wọn yóò fi tún un ṣe. Kò sí alágbàáà tí yóò pe irú atọ́kùn bẹ́ẹ̀ lẹ́jọ́. Ká wá ní atọ́kùn mìíràn sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, eégún kò dá a lóhùn, ni inú bá bí i, ló bá lọgun láàrin ọjà pé, 'Ẹsẹ̀ rẹ ti hàn o!' Ó ti dójú ti agbo, wọn yóò bá a wí ní ìgbàlẹ̀, wọ́n sì lè bu owó ìtanràn lé e; síbẹ̀, ohun tí òun náà ń fẹ́ ni pé kí ẹsẹ̀ má hàn mọ́. Ẹni kẹta ni ẹni tó ti lọ sí agboolé kejì ní òru, tó sọ ọ̀nà tí eégún tiwọn yóò gbà fún wọn, tó tún bá wọn ṣa atòrì tí wọn yóò fi dènà dè é. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó dara pọ̀ mọ́ àwọn atọ́kùn, ó ń lé ọmọdé sẹ́yìn fún eégún. Ẹni kẹta yìí nìkan ló ṣiṣẹ́ fún alátakò.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí pípa àwọn mẹ́ta yìí pọ̀ ti ń dá wàhálà sílẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá. Ní ìpàdé àpapọ̀ ẹgbẹ́ Action Group tó wáyé ní Jos ní oṣù kejì ọdún 1962, ìjà tó ti ń rú lábẹ́lẹ̀ bọ́ sí gbangba láàrin Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ àti aṣáájú àwọn alátakò nílé aṣòfin àpapọ̀, àti igbákejì rẹ̀, Olóyè Ládòkè Akíntọ́lá, tó jẹ́ Prẹ́míà, ìyẹn olórí ìjọba, ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn. Awólọ́wọ̀ fẹ́ kí ẹgbẹ́ di ìlànà sósíálíìsì mú, kí wọ́n má sì dẹ́kun àtakò wọn sí ìjọba àpapọ̀ tí NPC, ẹgbẹ́ àwọn ará Àríwá, ń darí; Akíntọ́lá rí i pé àǹfààní wà nínú kí wọ́n bá ìjọba náà rẹ́. Nígbà tí ó di oṣù karùn-ún, ìgbìmọ̀ aláṣẹ ẹgbẹ́ dá Akíntọ́lá lẹ́bi lórí ẹ̀sùn mẹ́ta, àìṣàkóso dáadáa, áńtí-pátì, àti àìgbọràn tó burú jáì, wọ́n sì ní kí ó fipò sílẹ̀. Ó kọ̀ jálẹ̀. Lọ́jọ́ 21 oṣù náà, Gómìnà, Ọba Adésọjí Adérẹ̀mí, yọ ọ́ nípò lórí ìwé tí ọmọ ilé aṣòfin 66 nínú 124 fọwọ́ sí, ó sì fi Alhaji Dáúdà Adégbénró rọ́pò rẹ̀. Lọ́jọ́ 25, àwọn ọmọ ilé gbé àga lu ara wọn nínú gbọ̀ngàn ní Ìbàdàn, ọlọ́pàá sì fi tajútajú tú wọn ká. Lọ́jọ́ 29, ilé aṣòfin àpapọ̀ fọwọ́ sí òfin pàjáwìrì, Dókítà Moses Májẹ̀kódùnmí sì di alábòójútó Ìwọ̀-Oòrùn títí ọdún náà fi parí.

Ẹ wo ẹ̀sùn mẹ́ta yẹn dáadáa. Ti àkọ́kọ́ dá lórí iṣẹ́ ìjọba, ti ìkẹta dá lórí ìtẹríba, kò sì sí èyí tó nílò alátakò kankan nínú méjèèjì kí ó tó wáyé. Áńtí-pátì ni wọ́n ki bọ àárín wọn. Pé Akíntọ́lá kò fara mọ́ ìlànà tí ẹgbẹ́ gbé kalẹ̀ ní Jos, àríwísí abẹ́lé ni. Bí ó bá jẹ́ pé ó ti ń bá NPC dúnàádúrà láti gba agbára lọ́wọ́ ẹgbẹ́ tirẹ̀ kí wọ́n tó yọ ọ́, ìyẹn ni ìṣiṣẹ́-fún-alátakò, orí rẹ̀ sì ni àwọn òpìtàn ṣì ń jiyàn sí. UPP, ẹgbẹ́ tuntun Akíntọ́lá, tí ó gbé e padà sórí àléfà ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1963 pẹ̀lú àtìlẹ́yìn ẹgbẹ́ NCNC, lẹ́yìn ìjà yìí ló dá a sílẹ̀. A kò lè mú un padà sẹ́yìn láti fi ṣe ẹlẹ́rìí ìdájọ́ tí wọ́n ti ṣe ṣáájú. Èmi gbà pé ẹgbẹ́ ní ẹ̀tọ́ láti sọ fún prẹ́míà tó fi orúkọ ẹgbẹ́ wọlé pé kí ó tẹ̀lé ìpinnu ẹgbẹ́, àìgbọràn nìkan sì tó láti fi ní kó lọ. Kí ni wọ́n wá ń wá kiri tí wọ́n fi tún gbé orúkọ tó wúwo jù ú lọ lé e lórí? Nígbà tí ẹjọ́ náà dé Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù, ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ fún Nàìjíríà nígbà náà, tí wọ́n dá Adégbénró láre ní oṣù karùn-ún ọdún 1963, ohun tí wọ́n gbé yẹ̀ wò ni bóyá gómìnà lè yọ prẹ́míà láìjẹ́ pé ilé dìbò. Áńtí-pátì kò jẹ mọ́ wọn. Ilé aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn sì sáré yí òfin padà kí ìdájọ́ náà má baà mú ohunkóhun.

Ẹni tó bá fẹ́ rí ojúlówó rẹ̀, kó wo ìpínlẹ̀ Ògùn ní ọdún 2019. Gómìnà Ìbíkúnlé Amósùn fẹ́ kí Adékúnlé Akínlàdé rọ́pò òun, ṣùgbọ́n Dàpọ̀ Abíọ́dún ni APC fà kalẹ̀. Inú Amósùn kò dùn sí bí ìbò abẹ́lé náà ṣe lọ, ó sì sọ bẹ́ẹ̀ síta. Títí dé ibẹ̀, àríwísí ni. Lẹ́yìn náà ni Akínlàdé bọ́ sínú ẹgbẹ́ APM, tí Amósùn sì ń ṣàtìlẹ́yìn fún un lójú gbogbo ayé, nígbà tí òun fúnra rẹ̀ ń díje fún ipò sẹ́nétọ̀ lábẹ́ APC. Nǹkan mẹ́ta tí mo kà sílẹ̀ ti pé. APC dá a dúró lọ́jọ́ kìíní oṣù kẹta ọdún náà, mo sì gbà pé ẹ̀sùn náà bá a mu, bí ẹ tilẹ̀ gbà pẹ̀lú mi pé ó ní ìdí tó fi bínú.

Ti PDP ní ọdún 2022 kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Gómìnà márùn-ún, Nyesom Wike, Ṣèyí Mákindé, Samuel Ortom, Ifeanyi Ugwuanyi àti Okezie Ikpeazu, ní kí alága ẹgbẹ́, Iyorchia Ayu, fipò sílẹ̀, nítorí pé Àríwá ni òun àti olùdíje ààrẹ, Atiku Abubakar, ti wá. Àríwísí ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àárín ọjà ni wọ́n ti lọgun rẹ̀. Wọ́n fa ọwọ́ sẹ́yìn kúrò nínú ìpolongo olùdíje náà, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti máa ń bi mí pé: ẹni tó kọ̀ láti ṣiṣẹ́ fún tiwa ńkọ́? Ìdáhùn mi ni pé àìṣiṣẹ́ kì í ṣe ìṣiṣẹ́. Ẹ lè pè é ní àìgbọràn, ẹ lè gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kó tó di pé ẹ lè ní ó ṣiṣẹ́ fún ẹlòmíràn, ẹ nílò láti fi iṣẹ́ náà hàn wá. Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni pé ní oṣù kẹta ọdún 2023, àwọn aṣáájú wọ́ọ̀dù Ayu fúnra rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Benue kéde pé àwọn ti dá alága àpapọ̀ dúró, áńtí-pátì sì wà lára ẹ̀sùn tí wọ́n kà sí i lọ́rùn. Ọ̀rọ̀ tí àwọn ará wọ́ọ̀dù lè fi kan alága àpapọ̀ fúnra rẹ̀, ó yẹ ká tún un wò.

Ọ̀rọ̀ náà kan òfin pẹ̀lú. Abala 68 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 sọ pé aṣòfin àpapọ̀ tó bá fi ẹgbẹ́ tó gbé e wọlé sílẹ̀ lọ sí òmíràn kí sáà rẹ̀ tó pé yóò pàdánù ìjókòó rẹ̀, àyàfi tí ẹgbẹ́ náà bá pín sí méjì tàbí tí ó bá dàpọ̀ mọ́ òmíràn. Nínú ẹjọ́ Abẹ́gúndé, aṣòfin àpapọ̀ kan láti ìpínlẹ̀ Oǹdó tó yí ẹgbẹ́ padà, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ ṣàlàyé ní ọdún 2015 pé ìpínyà tí òfin ń sọ gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó gba ẹgbẹ́ kan láti òkè délẹ̀. Ìjà ìpínlẹ̀ kan kò tó. Ẹ wá rí i pé ẹni tó jáde ní gbangba, tí àwọn èwe ìwòyí ń pè ní ẹni tó ti dìkámpù, ni òfin ń lé kúrò lórí àga. Ẹni tó jókòó sínú ẹgbẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ fún alátakò, ìwé òfin orílẹ̀-èdè kò fọwọ́ kàn án. Ẹgbẹ́ rẹ̀ nìkan ló lè bá a wí. Ìdí rèé tí àwọn ọlọ́gbọ́n-ẹ̀wẹ́ fi máa ń dúró sínú ilé, ìdí náà sì rèé tí orúkọ tí a fún ẹ̀ṣẹ̀ wọn fi gbọ́dọ̀ dá yàtọ̀ pátápátá sí ti ìdìkámpù.

Ní Ìlú Ọba, nígbà tí aṣòfin 21 nínú ẹgbẹ́ Conservative dìbò tako Boris Johnson, olórí ìjọba tó wá láti ẹgbẹ́ wọn, lórí ọ̀rọ̀ Brexit, ìyẹn kíkúrò orílẹ̀-èdè náà nínú Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2019, tí Kenneth Clarke tó ti ṣe mínísítà láìmọye ìgbà sì wà lára wọn, wọ́n yọ wọ́n kúrò lára àwọn aṣòfin ẹgbẹ́ lóru ọjọ́ kan. Àìgbọràn ni wọ́n fi kàn wọ́n, kí oṣù kẹwàá sì tó parí, wọ́n ti gba mẹ́wàá nínú wọn padà. Ẹni tí a bá kọ́kọ́ pè ní ọ̀dàlẹ̀ kì í rọrùn láti gbà padà bẹ́ẹ̀.

Wọ́n ń sọ pé ìṣiṣẹ́-fún-alátakò gùn jù fún àkọlé ìròyìn. Ó gùn lóòótọ́. Ẹni tí àyè kò bá gbà kó kọ ọ́ ní ìṣiṣẹ́-fálátakò, tàbí kó kàn kọ pé wọ́n ní ó ṣiṣẹ́ fún alátakò, kó sì fi orúkọ alátakò náà sí i; tí kò bá rí orúkọ fi sí i, kó kọ́kọ́ padà lọ bi alága tó fún un ní ìròyìn.