Iná bátìrì tó pupa lójú dáṣíbọ́ọ̀dù: kì í ṣe bátìrì ló ń bá wí

Láti Ọláìyá dé Old Garage níbí ní Òṣogbo, ohun tí ọ̀pọ̀ awakọ̀ gbà ni pé bí iná pupa tó ní àwòrán bátìrì bá tàn, bátìrì ti kú nìyẹn. Wọ́n á lọ ra tuntun. Torí pé bátìrì tuntun kún láti ilé ìtajà, ọkọ̀ á rìn dáadáa fún wákàtí mélòó kan, wọ́n á ní àwọn ti rí i ṣe. Lẹ́yìn náà ọkọ̀ á tún kú sójú ọ̀nà, owó á sì ti ṣòfò.

Alternator ni iná yẹn ń ṣọ́, ìyẹn ẹ̀rọ tí bẹ́líìtì ń yí tó ń ṣe iná fún ọkọ̀. Bí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́ láì tíì sítáàtì, iná láti ara bátìrì máa ń gba inú gílóòbù kékeré yẹn kọjá lọ sínú alternator, ìdí nìyẹn tó fi ń tàn. Tí ẹ́ńjìnnì bá ti ń ṣiṣẹ́, alternator á máa ṣe iná tirẹ̀, agbára ìhà méjèèjì gílóòbù á dọ́gba, iná ò ní rí ibi ṣàn lọ mọ́, gílóòbù á kú. Tó bá wá tàn lójú ọ̀nà, alternator ti rẹlẹ̀, bátìrì nìkan ló ń bọ́ gbogbo ọkọ̀. Nínú ọkọ̀ ìgbàlódé, brain box, ìyẹn kọ̀ǹpútà ọkọ̀, ló ń tan iná náà, àmọ́ ohun kan náà ló ń sọ. Bátìrì tó ti gbó kì í sábà tan iná yìí; ìgbà tí ẹ bá ń sítáàtì, tó ń fà tìkọ̀tìkọ̀, lẹ máa mọ̀ ọ́n.

Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹ wo bẹ́líìtì. Ẹ fi àtàńpàkò tẹ àárín rẹ̀ níbi tó gùn jù: tó bá wọlé ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan lọ, ó ti dẹ̀. Ẹ wo inú rẹ̀ pẹ̀lú. Tó bá ń dán bí ẹni pé wọ́n fi epo pa á, tàbí tó ti là wẹ́wẹ́, á máa yọ̀, pàápàá tí òjò bá rọ̀. Tó bá ti já, ẹ má wakọ̀ náà lọ Ìkìrun o! Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, bẹ́líìtì yẹn náà ló ń yí pọ́ǹpù omi, ẹ́ńjìnnì á sì gbóná kọjá ààlà.

Lẹ́yìn náà ni orí bátìrì. Ìyẹ̀fun funfun tó dà bí ẹ̀fun, tó fẹ́ ṣe bí àwọ̀ ewé, máa ń dí iná lọ́nà. Ẹ kọ́kọ́ tú orí odì (−), omi gbígbóná á fọ̀ ọ́ kúrò, ẹ jẹ́ kí ó gbẹ, orí odì náà ni kí ẹ dè gbẹ̀yìn.

Mítà tí wọ́n fi ń wọn fólìtì ló máa parí ọ̀rọ̀. Tí ọkọ̀ bá ti sinmi mọ́jú, bátìrì tó kún máa ń fi 12.6 fólìtì hàn, èyí tó wà ní 12.0 ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ. Tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, ó yẹ kí ẹ rí 13.8 sí 14.4. Tí kò bá tó 13, bátìrì kò gba iná tó bó ṣe yẹ. Tó bá kọjá 15, regulator tó ń díwọ̀n iná alternator ti bàjẹ́, omi bátìrì á máa hó. Tó bá jẹ́ 14.2 lẹ́yìn alternator ṣùgbọ́n 13 lórí bátìrì, wáyà àárín wọn ni kí ẹ tún ṣe. Brush, ìyẹn èédú kékeré tó ń gbé iná nínú alternator, tó ti jẹ tán lásán sì lè jẹ́ gbogbo ẹjọ́ náà. Ẹ ní kí rewáyà wò ó kí ẹ tó ra odindi alternator.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni yọ orí bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ láti fi dán alternator wò. Agbára iná lè fò kọjá 40 fólìtì lẹ́ẹ̀kan náà, kí ó jó dáyóòdù inú alternator àti brain box.

Tí iná náà kò bá sì tàn rárá nígbà tí ẹ yí kọ́kọ́rọ́, ẹ má yọ̀. Gílóòbù ti jó tàbí wáyà rẹ̀ ti já, ọ̀pọ̀ alternator kì í sì í bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láì rí ìwọ̀nba iná tó ń gba inú gílóòbù yẹn wá.