Ìtúká Pac-12 àti yunifásítì méjì tó ṣẹ́ kù

Pac-12 jẹ́ líìgì eré ìdárayá àwọn yunifásítì ní ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà. Ọdún 1915 ni wọ́n dá a sílẹ̀ ní ìlú Portland, lábẹ́ orúkọ mìíràn. Láàárín oṣù Kẹfà 2022 sí oṣù Kẹsàn-án 2023, mẹ́wàá nínú yunifásítì méjìlá tó wà níbẹ̀ kéde pé àwọn ń lọ. Oregon State ní Corvallis àti Washington State ní Pullman nìkan ló ṣẹ́ kù.

Ẹni tó bá fi ojú NUGA wo ọ̀rọ̀ yìí yóò ṣì í gbọ́. Ní Amẹ́ríkà, líìgì kọ̀ọ̀kan ló ń ta ẹ̀tọ́ àfihàn ìdíje rẹ̀ fún ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n, á wá pín owó náà fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀. NCAA, àjọ tó ń ṣàkóso eré yunifásítì, ló ń darí títà yìí tẹ́lẹ̀, títí Oklahoma àti Georgia fi gbé e lọ sí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ, tí wọ́n sì jàre ní 1984. Fútbọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń gbé bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ sáré, ló ń mú owó wọlé jù. Owó rẹ̀ ni wọ́n fi ń gbọ́ bùkátà ọ̀pọ̀ eré yòókù.

Texas àti Oklahoma ló kọ́kọ́ la ọ̀nà ní 2021, nígbà tí wọ́n kéde pé àwọn ń fi líìgì Big 12 sílẹ̀ lọ sí líìgì SEC. Ní 30 oṣù Kẹfà 2022, USC àti UCLA, tí àwọn méjèèjì wà ní Los Angeles, sọ pé líìgì Big Ten làwọn ń lọ. Ẹgbẹ́ UCLA tó bá fẹ́ lọ bá Rutgers gbá ní New Jersey yóò rin nǹkan bí kìlómítà 3,900. Colorado kúrò ní oṣù Keje 2023. Ní òwúrọ̀ 4 oṣù Kẹjọ, àdéhùn àfihàn ìdíje kan pẹ̀lú ilé iṣẹ́ Apple wà nílẹ̀ tí àwọn tó kù lè fọwọ́ sí. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, Oregon àti Washington ti gba Big Ten lọ, Arizona, Arizona State àti Utah sì ti gba Big 12. Stanford àti California, tí wọ́n wà lápá òkun Pàsífíìkì, wá wọ ACC, líìgì tí A inú orúkọ rẹ̀ dúró fún Àtìláńtíìkì.

Wọ́n sábà máa ń pe àwọn méjì tó kù ní ilé ẹ̀kọ́ kékeré, ṣùgbọ́n wọn kò kéré. Yunifásítì ìpínlẹ̀ tó ti pẹ́ ni méjèèjì. Ìlú wọn ló kéré. Àárín òkè oko àlìkámà ni Pullman wà, ó sì jìnnà sí Spokane tó nǹkan bí kìlómítà 120. Èèyàn bí 33,000 ni wọ́n kà níbẹ̀ ní 2020, bẹ́ẹ̀ iye tí pápá ìṣeré yunifásítì náà ń gbà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ: gbogbo ìlú lè jókòó síbẹ̀ tán. Lójú oníṣòwò tẹlifíṣọ̀n, gbogbo ìlú ọ̀hún kò tó àdúgbò kan ní Los Angeles.

Ní oṣù Kọkànlá 2023, adájọ́ ní Whitman County, níbi tí Pullman wà, fi àkóso Pac-12 lé àwọn méjèèjì lọ́wọ́. NCAA ní kí líìgì ní ọmọ ẹgbẹ́ mẹ́jọ, ṣùgbọ́n ó fàyè ọdún méjì sílẹ̀ fún èyí tó bá dín. Àwọn méjèèjì san nǹkan bí mílíọ̀nù 14 dọ́là fún líìgì Mountain West kí wọ́n lè rí ẹgbẹ́ bá gbá ní 2024. Líìgì mìíràn, WCC, sì gba ọ̀pọ̀ eré wọn yòókù lálejò.

Àwọn èèyàn wọn náà ń lọ. Jonathan Smith, akọ́nimọ̀ọ́gbá Oregon State, tó ti gbá bọ́ọ̀lù fún ilé ẹ̀kọ́ náà rí, gba Michigan State lọ. Cam Ward, agbábọ́ọ̀lù, fi Washington State sílẹ̀ lọ sí yunifásítì Miami. Òun ni ẹgbẹ́ NFL, líìgì àwọn tó fi fútbọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ṣiṣẹ́ jẹ, kọ́kọ́ mú nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù tuntun ní 2025. Ní 14 oṣù Kẹsàn-án 2024, Washington State pàdé Washington ní Seattle nínú Apple Cup, ìdíje tí ìtàn rẹ̀ ti wà láti 1900. Ó ku díẹ̀ kí eré parí, Washington State ń fi 24–19 léwájú, Washington sì ti dé ẹnu ìlà tí wọ́n gbọ́dọ̀ gbé bọ́ọ̀lù kọjá, ìgbìyànjú kan ṣoṣo ló kù. Washington ju bọ́ọ̀lù sẹ́gbẹ̀ẹ́, Washington State sì gbé ẹni tó gbà á lulẹ̀. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, akọ́nimọ̀ọ́gbá tó borí lọ́jọ́ yẹn, Jake Dickert, ti bọ́ sí Wake Forest. John Mateer tó darí ẹgbẹ́ lórí pápá sì ti bọ́ sí Oklahoma.

Nígbà tó yá, Pac-12 tí wọ́n fà lára ẹ̀ lọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í fa ti ẹlòmíràn. Láti oṣù Kẹsàn-án 2024, Boise State, Colorado State, Fresno State, San Diego State àti Utah State gbà láti wá sí Pac-12, gbogbo wọn láti inú Mountain West tó bá wọn gbá nígbà tí kò sẹ́ni. Gonzaga tí kò ní ẹgbẹ́ fútbọ́ọ̀lù tẹ̀lé e, láti inú WCC. Àdéhùn 2024 pẹ̀lú Mountain West ti bu owó ìtanràn lé orí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan tí Pac-12 bá fà lọ, ọ̀rọ̀ náà sì di ti ilé ẹjọ́. Texas State náà wọlé ní 2025. Oṣù Keje 2026 ni wọ́n fi ìbẹ̀rẹ̀ líìgì tuntun náà sí. Mountain West kò káwọ́ gbera ní tirẹ̀: ó lọ mú yunifásítì UTEP ti ìlú El Paso kúrò nínú líìgì Conference USA.