Hippocampus: kí ni iṣẹ́ rẹ̀ nínú ọpọlọ?

Bí ènìyàn bá ń gbàgbé nǹkan, a máa ń ní iyè rẹ̀ ti ra, bí ẹni pé ohun kan ṣoṣo ni iyè. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ló rí nínú ọpọlọ.

Nísàlẹ̀ inú ọpọlọ lọ́hùn-ún, lápá ibi tí etí wà lọ́tùn-ún àti lósì, ẹ̀yà kékeré kan wà níbẹ̀ tó ká kò bí ẹṣin òkun, ẹja kékeré kan tí orí rẹ̀ jọ ti ẹṣin. Ohun tí orúkọ rẹ̀ lédè Gíríìkì túmọ̀ sí gan-an nìyẹn: hippocampus. Òun ló ń gba ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀, tó ń dì í mú kí a lè rántí rẹ̀ lọ́la.

Ará Amẹ́ríkà kan, Henry Molaison, ló jẹ́ ká mọ̀, ojú rẹ̀ sì rí màbo ká tó mọ̀ ọ́n. Warápá ń dà á láàmú. Ní 1953, nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 27, dókítà oníṣẹ́ abẹ William Scoville gé lára hippocampus rẹ̀ kúrò lápá méjèèjì, pẹ̀lú ibi tó yí i ká. Warápá náà rọlẹ̀, ṣùgbọ́n ìrántí tuntun ò dúró mọ́. Henry mọ orúkọ ara rẹ̀, ó mọ ìyá àti bàbá rẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ já gaara. Àmọ́ tí o bá bá a sọ̀rọ̀ tán, tí o jáde, tí o tún wọlé, àlejò tuntun lo jẹ́. Bó ṣe wà nìyẹn títí tó fi kú ní 2008.

Onímọ̀ nípa ọpọlọ kan, Brenda Milner, ní kó máa fi pẹ́ńsù tọ ìlà ìràwọ̀ kan lórí bébà, àmọ́ kó má wo ọwọ́ rẹ̀, inú dígí ni kó máa wò. (Ẹ dán an wò nílé: ọwọ́ á máa lọ síbi tí ẹ ò rán an.) Lọ́jọ́ kìíní, ọwọ́ Henry ń ṣáko. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta, ó ti ń tọ ìlà náà dáadáa. Síbẹ̀, kò rántí pé òun ti ṣe irú rẹ̀ rí. Ìmọ̀ ọwọ́ ò gba ọ̀dọ̀ hippocampus kọjá.

Àrùn Alzheimer, tó máa ń mú kí àgbàlagbà gbàgbé nǹkan, sábà máa ń tètè ba agbègbè hippocampus yìí jẹ́. Ìyá àgbà á jẹun tán, á ní wọn ò fún òun lóúnjẹ láti àárọ̀. Ẹ wá gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ síwájú rẹ̀, á di ṣùkú fún un, ìlà orí á tọ́ gẹrẹrẹ. Ó máa ń dùn mí tí wọ́n bá ní ó ń díbọ́n, tàbí tí wọ́n pè é lájẹ̀ẹ́. Kò díbọ́n o. Ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ ṣùkú. Oúnjẹ àárọ̀ yẹn ni kò ríbi dúró sí.