Fífọ̀ àti pípa kòkòrò lára ohun èlò ìtọ́jú eyín

Fífọ̀ àti pípa kòkòrò lára ohun èlò ìtọ́jú eyín ni iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe sí dígí ẹnu, ẹ̀mú tí wọ́n fi ń yọ eyín, irin tí wọ́n fi ń ha eyín àti irú wọn, kí àrùn má baà ti ẹnu aláìsàn kan bọ́ sí ti ẹlòmíràn. Kòkòrò tó ń fa àrùn mẹ́dọ̀wú oríṣi B lè wà láàyè nínú ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ fún ọjọ́ 7, ó kéré tán.

Fífọ̀ ló ṣáájú, òun ló sì rọrùn jù láti fojú di. Oru omi tí wọ́n fi ń pa kòkòrò kì í ráyè dé abẹ́ ẹ̀jẹ̀ tó ti gbẹ mọ́ irin. Omi tí kò gbóná ju 45 °C ni wọ́n fi ń ṣan ẹ̀jẹ̀ kúrò, torí omi gbígbóná a máa mú un dì mọ́ irin bí ẹyin ṣe ń dì mọ́ ìdí páànù. Tí àyè kò bá sí láti fọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀, wọn kì í jẹ́ kó gbẹ. Ẹ̀rọ ìfọ̀ tó ń fi ìró tí etí kò gbọ́ gbọn omi dára ju bọ́rọ́ọ̀ṣì lọ, torí ó ń ṣí ìdọ̀tí kúrò níbi tí bọ́rọ́ọ̀ṣì kò dé. Ẹni tó bá ń fọwọ́ fọ̀ ọ́ á wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà tó nípọn, á sì jẹ́ kí irin wà lábẹ́ omi kó má baà ta sí i lójú. Lẹ́yìn èyí, wọ́n á ṣan án, wọ́n á nù ún gbẹ, wọ́n á sì ṣí ẹnu ẹ̀mú láti wo oríkèé rẹ̀ lábẹ́ iná. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ṣẹ́kù níbẹ̀, ó di fífọ̀ padà.

Autoclave, ẹ̀rọ tó ń fi oru omi gbígbóná pa kòkòrò, tí Charles Chamberland ará Faransé ṣe ní 1879, ló wọ́pọ̀ jù fún pípa kòkòrò. Ooru 121 °C fún ìṣẹ́jú 15 sí 30, tàbí 134 °C fún ìṣẹ́jú 3, ni wọ́n sáàbà ń lò. Ìgbà tí ẹ̀rọ fi ń gbóná kò sí nínú ìṣirò yìí. Bí iná bá lọ láàárín, wọ́n á tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Téèpù tó ń yí àwọ̀, tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ẹrù, kàn ń fi hàn pé ooru kan ẹrù náà ni, kì í ṣe pé kòkòrò ti kú. Hóró kòkòrò Geobacillus stearothermophilus, tí ooru kì í tètè pa, ni wọ́n fi ń dán ẹ̀rọ náà wò.

Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lu eyín lè fa itọ́ àti ẹ̀jẹ̀ sínú, nítorí náà fífi spírítì nù ún kò tó.

Ní 2007, ọ̀gá àgbà oníṣègùn eyín ìjọba ilẹ̀ England ní kí wọ́n máa lo irin tínínrín tí wọ́n fi ń ro inú gbòǹgbò eyín lẹ́ẹ̀kan péré, kí wọ́n sì dà á nù, torí ó ṣòro fọ̀ mọ́.