Ọwọ́ Kan Ń Tì, Ọwọ́ Kejì Kò Gbà

Ẹ pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pọ̀ níwájú àyà, kí ìgúnpá yà sí ẹ̀gbẹ́. Kí ọ̀tún máa ti òsì, kí òsì má gbà fún un. Kí ẹ tó kà dé ẹẹ́wàá, apá á ti máa gbọ̀n, àyà á ti le bí pákó, síbẹ̀ kò sí ohun tó kúrò níbi tó wà. Ẹni tó ń wò yín lè rò pé àdúrà lẹ ń gbà, àmọ́ eré ìmárale ni: ọwọ́ kan ń bá ọwọ́ kejì jà.

Iṣan ara kò mọ̀ bóyá irin ló ń bá jà tàbí ọwọ́ kejì. Ohun tó mọ̀ ni pé ó rí ohun tó ń bá a fà á tàgbáratàgbára, ìyẹn ló sì ń mú un le sí i. Ní 1953, àwọn olùwádìí méjì, Hettinger àti Müller, ní Jámánì kéde pé bí èèyàn bá fún iṣan le fún ìṣẹ́jú àáyá 6 péré lóòjọ́, pẹ̀lú ìdá méjì nínú mẹ́ta agbára rẹ̀, ó tó. Àwọn tó tún un yẹ̀ wò lẹ́yìn wọn rí i pé agbára ń wá lóòótọ́, àmọ́ kì í yá tó bí wọ́n ṣe wí. Èmi máa ń ní kí èèyàn dì í mú fún ìṣẹ́jú àáyá 10 sí 20, lẹ́ẹ̀mẹta, kó sì fi ọjọ́ kan sinmi láàárín.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í ṣe ni oríkèé. Bí ìgúnpá bá ṣe ká tó nígbà tí ẹ ń ṣe é, ibẹ̀ àti itòsí rẹ̀ ni agbára máa ń pọ̀ sí jù. Ẹ wò ó báyìí: ẹ fi òsì di ọrùn ọwọ́ ọ̀tún mú. Kí ọ̀tún máa gòkè bí ẹni fẹ́ gbé ife dé ẹnu, kí òsì máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹ ṣe é níbi tí apá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ nà tán, ẹ ṣe é ní àárín, ẹ tún ṣe é nítòsí èjìká. Bí àyè kò bá sí ju ti ẹyọ kan lọ, ẹ mú èyí tí iṣan ti nà. Àǹfààní tirẹ̀ máa ń kárí ju ti ìyókù lọ.

Ní ti ẹ̀yìn, ẹ fi ìka kọ́ ìka, kí ẹ máa fà á bí ẹni fẹ́ já wọn. Ní ti ọrùn, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ dá iwájú orí dúró, ṣùgbọ́n ìdajì agbára ni o.

Ọwọ́ ò ká ẹsẹ̀. Ògiri ni kí ẹ fẹ̀yìn tì, kí ẹ lọ sílẹ̀ bí ẹni jókòó sórí àga tí kò sí níbẹ̀. Itan á bá yín sọ̀rọ̀.

Ẹ má sé èémí. Ẹni tó bá sé e, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á fò sókè lójijì. Ẹni tó bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru, àrùn ọkàn tàbí ìpá, kó kọ́kọ́ rí dókítà. Bẹ́ẹ̀, àwọn tó ń ṣe é déédéé, ìfúnpá wọn máa ń wálẹ̀ nígbà tí wọ́n bá wà ní ìsinmi.

Ọwọ́ tó ti rẹ̀ máa ń yan iṣẹ́ jẹ, ẹ ò sì ní mọ̀. Ẹ gbé òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn ara há àárín àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ kọ iye tó bá fi hàn sílẹ̀. Lẹ́yìn oṣù kan, ẹ tún un tẹ̀.